London sí Sydney: wákàtí mélòó ni ká máa retí gan-an?

Àdùkẹ́
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ìṣirò ti dàrú mọ́ mi lójú. Èmi àti màmá mi fẹ́ lọ kí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Sydney. London la ti máa gbéra, nínú Oṣù Keje. Màmá ti pé ọmọ ọdún 71, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ iye wákàtí tí wọ́n máa fi jókòó kí n tó sanwó.

Mo wọ orí ìkànnì kan tó ń ṣírò bí pápákọ̀ òfurufú méjì ṣe jìnnà síra. Mo tẹ Heathrow àti Sydney sí i. Ó ní 17,020, àti wákàtí 19 pẹ̀lú ìṣẹ́jú 25. Ìkànnì kejì ní 10,575, àti wákàtí 21 pẹ̀lú ìṣẹ́jú 39. Ẹ̀kẹta ní 9,190, kò tiẹ̀ dárúkọ wákàtí rárá. Mo wá lọ wo tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: a ó gbéra ní aago 10:15 alẹ́ ọjọ́ Ajé, a ó balẹ̀ ní 6:15 àárọ̀ Ọjọ́rú. Mo fi ìka kà á, wákàtí 32! Ewo ni kí n gbà gbọ́? Kí ló sì dé tí n kò rí ọkọ̀ kankan tó máa gbé wa lọ tààrà láìdúró?

Olùṣirò
Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Àdùkẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí èyí tó purọ́ nínú gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìjìnnà. 17,020 yẹn, kìlómítà ni. 10,575 jẹ́ máìlì tí wọ́n ń lò lójú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. 9,190 jẹ́ máìlì tí àwọn atukọ̀ òkun àti awakọ̀ òfurufú ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹ sọ 9,190 di ìlọ́po 1.852, ẹ ó rí i pé ibi kan náà ló bá yín dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ọ̀pá ìwọ̀n mẹ́ta.

Ti wákàtí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Àwọn ìkànnì yẹn kò mọ ọkọ̀ kankan tó ń rin ọ̀nà yẹn. Wọ́n kàn mú ìjìnnà, wọ́n fi eré kan tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀ pín in, wọ́n wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ìkànnì àkọ́kọ́ lo kìlómítà 900 láàrin wákàtí kan: ẹ fi 900 pín 17,020, ẹ ó rí wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 55, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, ó di 19:25. Ìkànnì kejì lo máìlì 500 láàrin wákàtí kan. Ẹ fi 500 pín 10,575, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e, 21:39 ló máa jáde. Ibi tí ìyàtọ̀ wákàtí méjì ó lé yẹn ti wá nìyẹn. Èrò lásán ni, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìrìnàjò ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá fẹ́ ìṣirò tó sún mọ́ òótọ́ fún ọkọ̀ tó lọ tààrà, èmi máa ń fi 850 pín in, kí n tó fi ìdajì wákàtí lé e. Mo ti dán an wò lórí àwọn ọ̀nà tó jìn gan-an. Singapore sí New York jẹ́ bíi kìlómítà 15,350. Ìṣirò mi fún un ní wákàtí 18 àti ààbọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí bíi wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 40. London sí Perth ní Ọsirélíà jẹ́ 14,500. Ìṣirò ní 17 àti ààbọ̀, ọkọ̀ ń lò bíi 17. Kò ní bá a déédéé, àmọ́ kò ní ṣì yín lọ́nà.

32 tí ẹ kà lórí ìka, ẹ ti gbàgbé pé aago Sydney kọ́ ni aago London. Ní Oṣù Keje, Sydney fi wákàtí 9 ṣáájú. Ẹ yọ 9 kúrò nínú 32, ó ku 23. Wákàtí 23 ni ìrìnàjò yín láti ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní London títí dé ìgbà tó bá balẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró láàrin ọ̀nà wà nínú rẹ̀.

Àdùkẹ́
Háà! Ẹ ṣé gan-an. Ara mi wálẹ̀. Àmọ́ àbúrò mi sọ fún mi pé wákàtí 11 ló wà láàrin wa. Nígbà tí mo pè é lọ́dún tó kọjá, aago 9 àárọ̀ ni lọ́dọ̀ mi, 8 alẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé òun ló ṣì í ni?

Atọ́nà
Kò ṣì í. Oṣù Kejìlá tàbí ibì kan níbẹ̀ lẹ pè é, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ìlú méjèèjì ló ń sún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn London ni òtútù Sydney. London ń sún aago síwájú wákàtí kan láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn Oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn Oṣù Kẹwàá. Sydney ń sún tirẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ Oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ Oṣù Kẹrin. Nítorí náà, ní Oṣù Keje, wákàtí 9. Ní Oṣù Kejìlá, 11. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó wà láàrin nígbà tí àwọn méjèèjì jọ sún un, 10. Ọkọ̀ kan náà tó gbéra ní London ní 10:15 alẹ́, tó lo wákàtí 23, máa balẹ̀ ní 6:15 àárọ̀ ní Oṣù Keje, àmọ́ 8:15 ló máa jẹ́ ní Oṣù Kejìlá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yọ aago gbígbéra kúrò nínú aago bíbalẹ̀ láìbéèrè oṣù yóò ṣì í ṣáá ni.

Ẹ tún wo ti ìpadàbọ̀, torí pé ibẹ̀ ló ti ń tan ènìyàn jù. Ká ní ẹ gbéra ní Sydney ní 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé nínú Oṣù Keje, ẹ balẹ̀ ní London ní 7 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú ni ẹ fi wò ó, ẹ ó ní wákàtí 15 péré. Wákàtí 24 ni o. Aago ló ń padà sẹ́yìn bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Lórí ọ̀nà Tokyo sí Los Angeles, ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà òtútù, ẹ lè gbéra ní 5 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fò fún wákàtí 10, kí ẹ sì balẹ̀ ní 10 àárọ̀ ọjọ́ kan náà, torí pé ẹ ti rékọjá ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà lójú òkun Pàsífíìkì.

Ìyá Ìbejì
Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ aago bíbalẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ṣé ẹ rí àmì kékeré kan níbẹ̀, +2? Ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ gbéra ni ẹ ó balẹ̀. Ẹ má ṣe fojú fò ó o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ sọ. Lọ́dún tí mo lọ sí apá ibẹ̀ fúnra mi, +1 ni mo rò pé mo rí, n kò wọ awò ojú mi. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ mi pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kó wá pàdé mi. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó fi ọkọ̀ rin wákàtí mẹ́rin wá sí pápákọ̀, ó dúró títí gbogbo èrò fi jáde tán, kò rí mi. Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Ìgbà yẹn, èmi ṣì wà níbi tá a ti ń yí ọkọ̀, mo jókòó, mò ń wo àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri, n kò mọ̀ pé wọ́n ń wá mi. Nígbà tí mo balẹ̀ ní Ọjọ́rú, mo bá ẹni tó ti sùn sínú ọkọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó rí mi, ó kàn dì mọ́ mi ni, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ bíbalẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀, "Ọjọ́rú, aago mẹ́fà kọjá àárọ̀, aago Sydney", kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi wákàtí nìkan ránṣẹ́.

Ẹyẹ Òkè
Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú fún ọdún mọ́kànlá, mo máa ń tọ́jú àwọn èrò. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tẹ́ ẹ bi nípa ìdí tí kò fi sí ọkọ̀ tó lọ tààrà.

Kò sí ibi méjì lórí ilẹ̀ ayé tó jìnnà síra ju bíi kìlómítà 20,000 lọ, torí pé yíyí ayé ká jẹ́ bíi 40,000. London sí Sydney jẹ́ 17,020. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdìkejì ayé nìyẹn. Epo tí ọkọ̀ máa gbé fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wúwo débi pé epo fúnra rẹ̀ tún ń jẹ epo: ẹ gbé púpọ̀ torí ọ̀nà jìn, ẹ sì ń sun púpọ̀ torí ẹ gbé púpọ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Qantas, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti Ọsirélíà, gbé Boeing 747-400 tuntun kan láti London lọ sí Sydney láìdúró, ó lo wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 9. Ní Oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n tún fi Boeing 787-9 dán an wò, ó lo wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 19, ṣùgbọ́n bíi àádọ́ta ènìyàn péré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ síwèé láti ra ọkọ̀ Airbus A350-1000 méjìlá ní 2022 fún irú ìrìnàjò yìí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún títà. Nítorí náà, wákàtí 19 tí ìkànnì yẹn kọ sílẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́, ẹ̀yin ni ẹ kò lè rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà tó kúrú jù, ẹ má wo máàpù pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri. Ẹ wá bọ́ọ̀lù ayé kékeré. Ẹ fi ìka kan mú okùn mọ́ London, ẹ fi èkejì fà á le mọ́ Sydney, ẹ jẹ́ kí okùn náà wá àyè tirẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo rò pé okùn náà máa gba orí Íńdíà. Kò gba ibẹ̀. Ó gòkè lọ sí Rọ́ṣíà, ó sọ̀ kalẹ̀ gba Ṣáínà, ó kọjá nítòsí Hong Kong, kó tó gba orí òkun wọ Ọsirélíà. Lórí okùn yẹn ni 17,020 wà.

Àmọ́ awakọ̀ kì í rìn lórí okùn. Ogun lè ti ojú sánmà orílẹ̀-èdè kan pa. Láti 2022 tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ti lè gba orí Rọ́ṣíà mọ́, Tokyo sí London tó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 12 ti di bíi 14, nígbà tí àwọn pápákọ̀ méjèèjì kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ìkànnì ìṣirò kò mọ̀. Kìlómítà kan náà ló ṣì máa kọ síbẹ̀.

Olùṣirò
Mo fi ti atẹ́gùn kún ti Ẹyẹ Òkè. Lókè níbi tí ọkọ̀ ti ń fò, atẹ́gùn líle kan wà tó ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ni ó ń tì lẹ́yìn, ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni ó ń dí lọ́nà. London sí New York jẹ́ bíi kìlómítà 5,540. Lílọ sábà máa ń tó wákàtí 8, bíbọ̀ máa ń jẹ́ bíi 7. Ní 9 Oṣù Kejì 2020, nígbà tí ìjì ńlá kan ń jà lórí Àtìláńtíìkì, Boeing 747 kan ti British Airways dé London láti New York láàrin wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56.

Àwọn kan máa ń sọ pé yíyí tí ayé ń yí ló fà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń bá ayé yí ni. Atẹ́gùn ló ń ṣe é. Nítorí náà, Àdùkẹ́, ẹ retí pé ìpadàbọ̀ yín láti Sydney lè gùn ju ìlọ lọ.

Àgbà Arìnnà
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ sùn. Ní 1919, Ross Smith àti Keith Smith, ọmọ ìyá méjì, pẹ̀lú àwọn atọ́jú ẹ̀rọ méjì, gbéra nítòsí London ní 12 Oṣù Kọkànlá. 10 Oṣù Kejìlá ni wọ́n balẹ̀ sí Darwin ní àríwá Ọsirélíà. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí Qantas bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Sydney lọ sí London ní Oṣù Kejìlá 1947, ọjọ́ mẹ́rin ni, wọ́n sì ń dúró ní Darwin, Singapore, Calcutta, Karachi, Cairo àti Tripoli. Nígbà tí mo bá gbọ́ pé ènìyàn ń ronú lórí wákàtí 23, inú mi máa ń dùn pé mo wà láàyè rí i.

Àdùkẹ́
Ẹ ṣé o, Bàbá. Ìyá Ìbejì, mo ti wò ó, +2 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi bí ẹ ṣe wí.

Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà níwájú mi báyìí, ẹ bá mi yàn. Àkọ́kọ́ gba Singapore: wákàtí 13:15 dé ibẹ̀, a dúró fún wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 50, 7:55 dé Sydney. Ìyẹn ni wákàtí 23 yẹn. Èkejì náà gba Singapore, àmọ́ a ó sùn ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 35 àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ̀kẹta gba Los Angeles, wákàtí 29 ó lé díẹ̀. Ọkàn mi fẹ́ lọ sí àkọ́kọ́, torí òun ló yá jù.

Atọ́nà
Ẹ kọ́kọ́ yọ Los Angeles kúrò. London sí Los Angeles jẹ́ bíi 8,760, Los Angeles sí Sydney jẹ́ bíi 12,050, ó ti ju 20,800 lọ. Ti Singapore jẹ́ 10,880 àti 6,300, bíi 17,180. Ẹ rí i pé dídúró ní Singapore kò fi ju kìlómítà 160 lọ kún ọ̀nà tó kúrú jù lọ. Gbígba Los Angeles fi bíi 3,800 kún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá kàn ń kọjá ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ jáde, kó tò níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè, kó ní físà tàbí ìwé àṣẹ tirẹ̀, kó gba àpótí, kó tún fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wo Màmá lórí ìlà yẹn lẹ́yìn wákàtí 11 lójú òfurufú.

Ẹyẹ Òkè
Òótọ́ ni. Láàrin àkọ́kọ́ àti èkejì, ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́, mo mọ̀ pé àkọ́kọ́ ló dùn ún kà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi máa ń rí. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 50 yẹn kì í ṣe tiyín tán. Ọkọ̀ balẹ̀, ó rìn lórí ilẹ̀ lọ síbi ìgúnlẹ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlẹ̀kùn ṣí, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á dúró bíi ogún ìṣẹ́jú kó tó jáde. Ẹni tó bá sì béèrè fún kẹ̀kẹ́ arọ, òun ló máa ń jáde kẹ́yìn pátápátá. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kejì máa ń tì kí àsìkò gbígbéra tó pé. Ohun tó kù fún Màmá lè má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á sì tún wọlé lọ jókòó fún wákàtí mẹ́jọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti wú.

Mo rántí màmá kan tí mo bá bọ bàtà lọ́jọ́ kan lẹ́yìn wákàtí 14. Okùn bàtà náà ti rì sínú ẹran ẹsẹ̀ wọn, ó fi ipa sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn di nǹkan. Wọn kò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ yọ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́nu. Ẹ gba ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ìrìn fún Màmá, kì í ṣe ti fèrèsé. Kí wọ́n máa dìde ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó ju wákàtí mẹ́rin lọ, ewu náà sì ń pọ̀ sí i bí ìjókòó bá ṣe ń pẹ́. Ẹ bi dókítà wọn bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ yẹ wọ́n.

Àyọ̀ká
Èmi kò gbà pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba ọ̀nà náà pẹ̀lú bàbá mi, ìdúró kékeré la yàn, ó sì dáa. Ẹni tó bá sùn sí ìlú àjèjì máa tún jí, máa tún padà sí pápákọ̀, máa tún kọjá níbi àyẹ̀wò. Wàhálà nìyẹn náà fún àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé ọkọ̀ méjèèjì, tí ẹ bá pàdánù èkejì torí pé àkọ́kọ́ pẹ́, àwọn ló máa gbé yín sórí òmíràn.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ pàtàkì lẹ sọ yẹn, Àyọ̀ká: tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Àdùkẹ́, ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹ bá ra apá kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, apá kejì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí àkọ́kọ́ bá pẹ́, ẹni kejì kò mọ̀ yín rí. Àpótí yín náà kò ní kọjá tààrà.

Atọ́nà
Ẹ tún bá mi wo lẹ́tà mẹ́ta tó wà fún pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan. LHR ni Heathrow, SIN ni Singapore, SYD ni Sydney ti Ọsirélíà. Sydney kan wà ní Nova Scotia ní Kánádà, YQY ni tiwọn, àwọn arìnrìnàjò sì ti balẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí Ọsirélíà ni wọ́n ń lọ.

Ohun kan kù nípa Sydney. Pápákọ̀ náà kì í gba ọkọ̀ láti aago 11 alẹ́ sí 6 àárọ̀, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda fún, kí àwọn tó ń gbé nítòsí lè sùn. Ìdí nìyẹn tí tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yín fi balẹ̀ ní 6:15. Tí ẹ bá yan èkejì, ẹ rí i pé aago bíbalẹ̀ jìnnà dáadáa sí 11 alẹ́, torí ọkọ̀ tó bá pẹ́ púpọ̀ lè má rí àyè balẹ̀ ní alẹ́ yẹn.

Àdùkẹ́
7 alẹ́ Ọjọ́rú ni èkejì máa balẹ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún Màmá létí. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹyẹ Òkè. Wọ́n ní orúnkún àwọn, àwọn ló mọ̀ ọ́n, àwọn á sùn ní Singapore. Àyọ̀ká, ẹ má bínú sí wa. Mo ti sanwó, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìrìn, mo sì ti béèrè fún kẹ̀kẹ́.

Àyọ̀ká
Bínú kẹ̀? Ẹni tó ni orúnkún ti sọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́run mú yín dé láyọ̀. Ẹ ṣáà bá wa ka àsìkò rẹ̀.

Àdùkẹ́
(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún)
Ẹ̀yin ará, a ti dé o! Mo ka àsìkò bí Àyọ̀ká ṣe ní kí n ṣe.

A kúrò nílé ní 5:30 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ kúrò níbi ìgúnlẹ̀ ní 10:15 bí wọ́n ṣe wí, àmọ́ ìṣẹ́jú 19 ló fi rìn lórí ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà yẹn títí tó fi tẹ Singapore, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 28 ni. Olùṣirò, mo rántí 850 yín: ó ní wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 18, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì mu. Lójú amóhùnmáwòrán kékeré tó wà níwájú ìjókòó, mo rí ọ̀nà tá a gbà: kò gba Rọ́ṣíà rárá, gúúsù ló gbà.

Màmá dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, òṣìṣẹ́ kan di ọwọ́ wọn mú, wọ́n jọ rìn dé ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ wọ́n wú díẹ̀ nígbà tá a dé Singapore. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ó ti lọ sílẹ̀, bàtà wọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá ti wọ ọkọ̀ kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn.

7:04 alẹ́ Ọjọ́rú la balẹ̀ sí Sydney. Àbúrò mi ti wà níbẹ̀, ó di ọmọ mọ́ àyà, 8:50 la wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí mo bá yọ wákàtí 9 kúrò, wákàtí 42 àti ìṣẹ́jú 20 ni. Màmá kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù wọn tí wọ́n ti gba ọmọ.

Ẹyẹ Òkè
Ẹ bá mi kí Màmá. Ọjọ́ wo ni ìpadàbọ̀?

Àdùkẹ́
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀. Singapore la ó tún sùn. Wọ́n kọ wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 55 sí Singapore sí London, ogójì ìṣẹ́jú ju ìlọ lọ. Atẹ́gùn Olùṣirò nìyẹn.